Ayùn Ọwọ́ àti Igi Tí A Rí He ní Minna: Àgbéyẹ̀wò

Ìpínlẹ̀ Niger ni wọ́n ń pè ní ìpínlẹ̀ iná mànàmáná, ó sì ní ohun tó fi gba orúkọ náà. Ibùdó iná Kainji tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1968, ti Jebba tó tẹ̀lé e, ti Shiroro tó bẹ̀rẹ̀ ní 1990, orí odò tó gba ilẹ̀ rẹ̀ kọjá ni gbogbo wọn wà. Síbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ gé pákó kékeré kan ní Tunga tàbí Bosso ní Minna, olú ìlú rẹ̀, lónìí kò lè gbójú lé iná ìjọba. Jẹnẹrétọ̀ náà kò ṣe é tàn nítorí àpótí ìjókòó kan ṣoṣo mọ́, láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún 2023, tí lítà bẹntiróòlù kan kúrò ní nǹkan bíi ₦190, tó sì ré kọjá ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ayùn ọwọ́ ló kù. Èmi kò kà á sí ohun tí a fara mọ́ nítorí àìní. Fún iṣẹ́ kéékèèké tí ènìyàn ń fi igi tó rí he ṣe, ayùn ọwọ́ ló yẹ kó ti wà níwájú láti ìbẹ̀rẹ̀, ohun kan péré ló sì ń dí i lọ́wọ́ ní Minna: àwọn tó mọ̀ ọ́n pọ́n ń tán lọ.

Ẹ jẹ́ ká ti orí igi bẹ̀rẹ̀. Inú ọ̀dàn ni Minna wà, gẹdú ńláńlá kò pọ̀ níbẹ̀ bíi ti Oǹdó tàbí Ọ̀ṣun. Ẹ̀ka ló pọ̀. Bí ìjì àkọ́rọ̀ òjò bá jà, a ya máńgòrò àti dógóyárò lulẹ̀ lójú títì. Àwọn tó ń tọ́jú wáyà iná a gé ẹ̀ka tó bá fẹ́ kan wáyà, wọn a fi í sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹni tó ń kọ́lé a tú pákó dẹ́kìn kúrò lábẹ́ kọnkéré, èyí tó bá ti ṣẹ́ nínú rẹ̀ a di ti ẹni tó bá kọ́kọ́ tọrọ rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, kò sí ọjọ́ tí àjákù pákó kì í kún abẹ́ tábìlì. Abẹ́ ìkòkò ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń lọ. Obìnrin tó ń din àkàrà lójú ọ̀nà Kpakungu kì í béèrè bóyá ọ̀gánwó ni tàbí mẹlínà, iná ló ń wá, n kò sì bá a wí. Àmọ́ ègé ọ̀gánwó tó gùn tó apá ènìyàn, bó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ní ayùn, ó lè di ọpọ́n ayò, ó lè di wàláà ọmọ kéwú, ó sì lè pẹ́ ju ẹni tó gé e lọ.

Gbogbo igi kọ́ ló gba ayùn ọwọ́ bákan náà, àìmọ èyí ló sì ń jẹ́ kí iṣẹ́ náà tètè sú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Mẹlínà ni mo máa ń ní kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wá kiri. Éṣíà ni wọ́n ti kó o wá, wọ́n sì gbìn ín rẹpẹtẹ nílẹ̀ wa nítorí iṣẹ́ bébà, irú èyí tí wọ́n dá ilé iṣẹ́ bébà Jebba sílẹ̀ fún. Ó fúyẹ́, ó funfun, iṣan rẹ̀ tọ́, ayùn tí kò mú púpọ̀ pàápàá á gbà á kọjá. Dógóyárò ló tẹ̀lé e. Òun náà kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí: nǹkan bí 1928 ni wọ́n kó o dé ìhà Borno, kó tó di igi ìbòòji gbogbo òkè ọya. Ikán kì í yára jẹ ẹ́, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ fún àpótí kékeré tí a ń kó aṣọ tàbí ìwé sí. Àléébù rẹ̀ ni pé iṣan rẹ̀ lọ́ mọ́ra, ojú tí ayùn bá gé lára rẹ̀ kì í dán, sáńpépà ló ń parí iṣẹ́ náà. Máńgòrò rọrùn láti gé, ìlà dúdú àti ìlà bí àwọ̀ oyin tó máa ń wà lára rẹ̀ sì dára lójú, ṣùgbọ́n kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀, bí a bá sì fi í sílẹ̀ nínú òjò, kò ní pẹ́ tó fi máa rà. Ìbátan ni òun àti kajú. Oje àwọn méjèèjì a máa jó awọ ara ẹlòmíràn, ti kajú ló sì burú jù, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ gé wọn ní tútù, kó bo apá.

Bí a bá rí tíìkì, ẹ̀bùn ni. Kì í tẹ̀, kì í tètè rà. Ṣùgbọ́n ohun kan tó le bíi yanrìn wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ eyín ayùn, ẹni tó bá gé tíìkì lówùúrọ̀ á wá fáìlì kó tó di alẹ́. Ọ̀gánwó ilẹ̀ ọ̀dàn, tí àwọn Hausa ń pè ní madaci, le ju ti igbó lọ, iṣan rẹ̀ sì kọjú síra. Ó yẹ fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ iṣẹ́. Kirya àti àyìn kọjá agbára ayùn kékeré, àwọn asunèédú ló ń lé wọn kiri.

Igi méjì wà tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Àkọ́kọ́ ni emi, tí òrí ń ti ara èso rẹ̀ wá. Ìpínlẹ̀ Niger wà lára àwọn tí èso emi ti ń jáde jù lọ ní Nàìjíríà, àwọn obìnrin abúlé ló ń ṣà á, àwọn ló ń fi owó rẹ̀ rán ọmọ nílé ìwé. Ní oṣù Kẹjọ 2025, ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó èso náà lọ sókè òkun fún oṣù mẹ́fà láìtíì sọ ọ́ di òrí, kí èrè iṣẹ́ náà lè kù sílé. Igi emi lè lo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún kó tó so èso àkọ́kọ́, ẹni tó bá sì sun ún di èédú, ọjọ́ kan péré ló fi parí gbogbo rẹ̀. Ẹ̀ka rẹ̀ tó bá ti gbẹ tó sì já fúnra rẹ̀ nìkan ni kí á fọwọ́ kàn. Èkejì ni madobiya, igi pupa tí àwọn oníṣòwò gé tìtorí ọjà ilẹ̀ Ṣáínà débi pé àjọ CITES tó ń ṣọ́ òwò igi àti ẹranko láàárín orílẹ̀-èdè fi í sábẹ́ ìṣọ́ láti oṣù Kìíní 2017. Ègé rẹ̀ kékeré tó ṣubú dára fún èèkù ọ̀bẹ. Èyí tó bá ṣì dúró, kó máa dúró.

Ewu igi tí a rí he ni pé a kò mọ ohun tó ti la kọjá. Dógóyárò ẹ̀bá títì kún fún ìṣó tí àwọn olóṣèlú àti àwọn onípolówó fi kan bébà mọ́ ọn lára. Èèpo igi á ti bo ìṣó náà mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ojú kò ní rí i, ayùn ló máa rí i. Òòfà tí a yọ lára sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́ yanjú èyí: a ó so ó mọ́ okùn tẹ́ẹ́rẹ́, a ó máa fà á gba ara igi kọjá, ibi tó bá ti yà sí ni ìṣó wà, bí ìṣó náà kò bá jìnnà sí ojú igi. Pákó dẹ́kìn ní láti kọ́kọ́ gba ìfá, nítorí sìmẹ́ńtì tó gan mọ́ ọn lára ń pa eyín ayùn ju ìṣó lọ. Ègé òpó iná kò yẹ kó wọ ilé rárá. Oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú òpó kí ikán má bàa jẹ ẹ́, yálà èyí tó dúdú bí ọ̀dà tàbí èyí tó ní èròjà bàbà àti májèlé arsenic nínú, kì í kúrò lára rẹ̀, ìyẹ̀fun rẹ̀ burú fún àyà, èéfín rẹ̀ sì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ti páléètì tí ẹrù òkèèrè ń bá wá, ìlànà àgbáyé kan wà láti 2002 tó sọ pé kí wọ́n tẹ àmì sí i lára, àwòrán ṣírí ọkà pẹ̀lú lẹ́tà. Bí a bá rí HT, ooru ni wọ́n fi mú un gbóná títí inú igi fi dé ìwọ̀n 56 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kò léwu. Bí a bá rí MB, gáàsì apakòkòrò ni wọ́n fín sí i, kí a má fi ṣe ohun tí oúnjẹ tàbí ọmọdé yóò fara kan.

Igi tútù rọrùn láti gé, ṣùgbọ́n kì í pa àṣírí mọ́: ohun tí a bá fi ṣe á tẹ̀, á là, tó bá yá. Bí igi bá ń gbẹ, ó máa ń súnkì yípo ara rẹ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po méjì bó ṣe ń súnkì láti èèpo wá sí àárín. Ohun tó fà á nìyẹn tí àwọn òbìrí igi tí àwọn ọ̀dọ́ ń gé fún ohun ọ̀ṣọ́ fi ń là láti eteetí dé àárín, wọn a sì máa rò pé àwọn ni kò mọ̀ ọ́n gé. Ìgbà ọyẹ́ ní Minna gbẹ gan-an, ó ń mú igi gbẹ kíákíá, ó sì ń là á kíákíá bákan náà. Kun orí méjèèjì ègé igi náà ní ọ̀dà tàbí ìda àbẹ́là lọ́jọ́ tí o bá gbé e wálé, là á sí méjì lójú òró, tò ó síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ ṣùgbọ́n tí oòrùn kò dé. Pákó àjákù ṣọ́ọ̀bù àti ti páléètì kò ní wàhálà yìí, wọ́n ti gbẹ.

Ó wá kan ayùn. Èyí tó kún ìlú, láti ọjà Kure títí dé àwọn ṣọ́ọ̀bù irinṣẹ́ kéékèèké, ni ayùn gígùn onírọ́bà lọ́wọ́, tí ṣóńṣó eyín rẹ̀ dúdú bíi pé iná jó o. Wo ṣóńṣó dúdú yẹn dáadáa kí o tó sanwó, nítorí òun ló pinnu gbogbo ohun tó kù. Iná mànàmáná ni wọ́n fi mú eyín náà le ní ilé iṣẹ́. Ó mú, ó pẹ́ kó tó kú, àmọ́ lọ́jọ́ tó bá kú, fáìlì kankan kò ràn án, orí rẹ̀ ni fáìlì yóò máa yọ̀. Jíjù ni. Ayùn àtijọ́, èyí tí irin rẹ̀ wá láti Sheffield nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tàbí irú èyí tí Henry Disston bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Philadelphia ní 1840, ní eyín tó rọ̀ tó láti gba fáìlì, ọmọ lè jogún rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá. Irú rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ àwọn àgbà káfíńtà, igi ni wọ́n fi ṣe ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá rí ọ̀kan rà, ìpẹtà ara rẹ̀ kò tó nǹkan, kó rà á.

Ìyàtọ̀ kejì wà lára eyín fúnra rẹ̀. Eyín tí a pọ́n bí ọ̀bẹ wà fún gígé igi ní ìbú, torí iṣan ló ń gé. Èyí tí a pọ́n bí ṣísẹ́ẹ̀lì wà fún lílà á ní òró, torí ó ń họ igi jáde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni. Ẹni tó bá fi ayùn ìbú la pákó ní òró kò ṣẹ̀, àárẹ̀ ni yóò kàn rẹ̀ ẹ́. Iye eyín nínú ínǹṣì kan ṣe pàtàkì: 7 tàbí 8 tó fún ẹ̀ka àti pákó nínípọn, 12 sí 14 ló yẹ fún iṣẹ́ wẹ́wẹ́ bíi fírémù àti àpótí. Ayùn kékeré tó ní irin líle lẹ́yìn, tó gùn ní ínǹṣì mẹ́wàá sí méjìlá, ni mo kà sí olórí gbogbo wọn fún ohun tí a ń sọ yìí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni hákísọ́ọ̀. Irin ni wọ́n ṣe é fún, àmọ́ bíléèdì rẹ̀ tó ní eyín 18 tàbí 24 nínú ínǹṣì ń gé pákó tín-ín-rín láìfọ́ ọ, bí ìṣó bá sì wà lọ́nà, ó ń gé òun náà. Àwọn kan máa ń yí bíléèdì náà sẹ́yìn kó lè máa gé nígbà tí a bá ń fà á. Ọgbọ́n gidi ni. Irin tó tẹ́ẹ́rẹ́ kì í tẹ̀ bí a bá ń fà á, títì ló ń mú un tẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Japan ń ṣe ayùn wọn títí dòní, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ará Íjíbítì ìgbàanì ṣe lo ayùn bàbà. Ayùn Japan tó ń dé lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí dára fún mẹlínà àti páléètì tí kò ní ìṣó. Lórí madaci, eyín rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ jù, kíkán ni yóò kán.

Pípọ́n ayùn ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀. A ó fi pákó méjì há irin ayùn náà láàárín, kí eyín rẹ̀ nìkan yọ sókè, kó má máa gbọ̀n. A ó fi fáìlì pẹlẹbẹ rọra kọjá lórí gbogbo eyín kí wọ́n lè ga dọ́gba. Lẹ́yìn náà ni fáìlì onígun mẹ́ta yóò wọ àárín eyín kan sí èkejì, ìfà mélòó kan péré níbi kọ̀ọ̀kan, kí a fo ọ̀kan, kí a mú ọ̀kan, títí a ó fi dé òpin, kí a tó yí ayùn náà padà láti ṣe àwọn tí a fò. Bí ó bá jẹ́ ti ìbú, fáìlì á dà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ó bá jẹ́ ti òró, ó máa ń lọ gbọọrọ. Ṣíṣe sẹ́ẹ̀tì ló tún kù: títẹ ìdajì òkè eyín kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan sọ́tùn-ún, ọ̀kan sósì, kí ojú ọ̀nà tí ayùn ń là fi díẹ̀ fẹ̀ ju irin rẹ̀ lọ. Láìsí sẹ́ẹ̀tì, ayùn á há. Bí sẹ́ẹ̀tì bá pọ̀ jù, ayùn á máa ṣáko, igi á sì ṣòfò. Igi tútù ń fẹ́ sẹ́ẹ̀tì púpọ̀, igi gbígbẹ ń fẹ́ kékeré. Nígbà kan, ọmọ iṣẹ́ á gbé ayùn tọ ọ̀gá lọ, á kúnlẹ̀, á ní, "Ọ̀gá, ẹ bá mi wo eyín rẹ̀." Ọ̀gá á gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, á wò ó láti ìdí dé orí, ibi tó bá ti rí eyín tó ń dán ló ti kú, torí eyín tó mú kì í dá ìmọ́lẹ̀ padà. Ìmọ̀ yìí kò sí nínú páálí tí wọ́n fi ń gbé ayùn tuntun wọ̀lú. Ayùn tó kú ló ń mú ènìyàn sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ le, tí yóò fi padà sí ojú ìlà níwájú ilé ìlagi, tí yóò máa dúró de iná.

Gígé fúnra rẹ̀ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Fi ọ̀bẹ fa ìlà dípò bírò, kí iṣan òkè lè ti já kí ayùn tó dé e. Ìfà àkọ́kọ́, sẹ́yìn ni, pẹ̀lú oríkèé àtàǹpàkò lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin kó má yẹ̀. Na ìka ìfábẹ̀lá sí iwájú lára ọwọ́ ayùn, yóò tọ́. Má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ìwúwo ayùn tó. Fi àbẹ́là pa ara irin rẹ̀. Ní ìgbà òjò, nu òrí fẹ́ẹ́rẹ́ sí i kó má dípẹtà, kí o sì nù ún kúrò kí o tó tún gé igi.

Kí àwọn baba wa tó mọ ayùn ni wọ́n ti ń gbẹ́ igi. Àáké kékeré àti ọ̀bẹ ni Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì, tó kú ní 1938, fi ṣe ilẹ̀kùn àti òpó ààfin. Àwọn Nupe ní Bida náà, láti ara òpó igi kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń gbẹ́ àga wọn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń ju mẹ́rin lọ. Ọ̀nà yẹn ń fẹ́ igi ńlá, ó sì ń sọ èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ di ẹ̀ẹ́rún. Igi ńlá yẹn ni kò sí mọ́. Fún àjákù òde òní, ayùn ló bá a mu, ṣùgbọ́n n kò ní ká sọ àáké nù. Bí a bá ń gbẹ́ ìgbákọ tàbí ọpọ́n ayò, kí ayùn kọ́kọ́ dá ojú igi lẹ́sẹ̀ẹsẹ̀ dé ibi tí a fẹ́ kó jìn dé, ṣísẹ́ẹ̀lì tàbí àáké á wá ṣí àárín rẹ̀ kúrò wẹ́rẹ́, kò sì ní là kọjá ibi tí a fẹ́. Àkókò tí yóò gbà á dín kù.

Ohun tí ènìyàn lè ṣe pọ̀: wàláà, àga Kùránì aláwẹ́ méjì, òòyà, fírémù fọ́tò, ọkọ̀ ìṣeré ọmọdé. Ààbò ni kí n má gbàgbé. Láti 1995 ni àjọ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lágbàáyé ti fi ìyẹ̀fun igi sí ìpele àkọ́kọ́ lára ohun tó ń fa àrùn náà, imú ló sì ń kọlù jù. Ìta gbangba ni kí a ti máa gé igi, pẹ̀lú ìbomú, kí ẹ̀yìn wa kọ sí atẹ́gùn ọyẹ́. Abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì pọn dandan fún ẹni tó ń bá pákó oníṣó ṣeré.

Ilé ìwé ló dùn mí jù. Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní 1982, ìjọba kó ẹ̀rọ olówó ńlá wọ̀lú fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jókòó sínú àpótí fún ọdún púpọ̀ torí pé kò sí iná, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n lò. Ní 2011 wọ́n tún mú iṣẹ́ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n wọ ilé ìwé girama, iṣẹ́ káfíńtà wà nínú rẹ̀. Ogún ayùn ọwọ́ àti fáìlì onígun mẹ́ta mẹ́wàá ìbá ti ṣe ohun tí àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyẹn kò ṣe, kò sì ní dúró de Shiroro.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ayùn onírin lẹ́yìn kan tó ṣe é pọ́n, hákísọ́ọ̀ kan, fáìlì kan àti ègé mẹlínà gbígbẹ tó fún un. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé ìwé ní Minna, ẹ fi owó ẹ̀rọ tí kò ní ṣiṣẹ́ ra ayùn. Ẹ̀yin àgbà káfíńtà tí ẹ ṣì mọ fáìlì lò, mo bẹ̀ yín, ẹ pe ọmọ méjì sọ́dọ̀ kí ọyẹ́ ọdún yìí tó kásẹ̀ ńlẹ̀, kí ẹ kọ́ wọn ní sẹ́ẹ̀tì.